Èló Ni Ilẹ̀ Abúlé Nígbà Tí Òkun Bá Dé?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo mọ ibi tí a wà. Ìlú Jos yìí ga ju òkun lọ ní ohun tó tó 1,200 mítà. Òtútù ọyẹ́ ló ń yọ wá lẹ́nu níbí, kì í ṣe omi òkun. Bí òkun bá máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbé Èkó, ó ti gbé Ìbàdàn, ó ti gbé Lọ́kọ́ja kó tó kàn wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òkun tó ń ga, mi ò ní bá a jà. Ìbéèrè gidi ló béèrè. Òun náà ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nínú ìwé wa ti ìgbà yìí: gbèsè wo ni ẹni tó ń gbé lókè jẹ ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, nígbà tí kì í ṣe òun ló bu omi sí i nílé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ máa ń ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀, ìyẹn ilẹ̀ etí òkun tí kò fi ju mítà 10 ga ju òkun lọ. Tí ẹ bá kó gbogbo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé jọ, ìdá 2 péré nínú ìdá 100 ilẹ̀ ayé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń gbé lórí ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n lé ní 600 mílíọ̀nù, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá láyé. Bíi 360 mílíọ̀nù nínú wọn ló wà ní ìlú ńlá. Àwọn yòókù, ará abúlé ni wọ́n: apẹja, àgbẹ̀ onírẹsì, ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ń hun ẹní. Wọ́n ju 200 mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá sọ̀rọ̀ òkun tó ń ga, Èkó àti New York ni wọ́n máa ń fi hàn wá. Àwọn wọ̀nyí kì í sí nínú àwòrán.

Òkun sì ń ga lóòótọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1900 títí di ìgbà tiwa yìí, ó ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, ìyẹn ju gígùn bírò lọ díẹ̀. Omi tó bá gbóná máa ń wú, yìnyín ńláńlá tó wà lórí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica sì ń yọ́ sínú òkun. Èéfín epo, èédú àti gáàsì tí aráyé ń jó ló ń mú ooru náà wá. Ẹlòmíì á ní, kí ni gígùn bírò lè ṣe? Ní orí òkè, kò lè ṣe nǹkan kan. Àmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé ẹ máa rìn tó 1,000 mítà kí ẹ tó gòkè mítà kan ṣoṣo, gígùn bírò yẹn á gba 200 mítà ilẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù méjì.

Ilẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ rì kó tó bàjẹ́. Ní etí òkun Bangladesh, ìjì Aila ti ọdún 2009 fọ́ àwọn òkìtì tí wọ́n mọ láti dí omi. Ìjì lọ, omi iyọ̀ ò lọ. Ó dúró sórí oko ní àwọn àdúgbò kan fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Ìrẹsì ò fẹ́ iyọ̀, adágún tí wọ́n ń pọn mu sì bàjẹ́. Ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè fi ojú rí i, ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ orúkọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Holy Apostles tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, nígbà tí wọn ò rí ìsinmi láàárín àwọn ará ilé wọn. Wọ́n pa ohun ìní wọn pọ̀ bíi ti ìjọ àkọ́kọ́ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Kò sí tèmi, kò sí tìẹ, fún nǹkan bí ogún ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ láàárín Yorùbá, ẹ lọ wádìí wọn wò. Wọ́n ní iná mọ̀nàmọ́ná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì wà nínú òkùnkùn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà. Òkun ti gbé apá ńlá nínú ìlú yẹn lọ báyìí, ilé àti iléeṣẹ́ àti ilé ìwòsàn. Ẹrọ̀fọ̀ ló pọ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ, kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó, omi sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà omi fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, àwọn ará ìlú ò rí òkúta kan tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀, a ò ní purọ́ fúnra wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì ná, torí ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba láyé jẹ́ olóòótọ́, ìṣirò kan ṣì wà tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó mọ ògiri sí iwájú òkun. Wọ́n á béèrè pé èló ni ògiri yìí máa náni? Èló ni iye àwọn ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀? Bí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá ju owó ògiri lọ, wọ́n á kọ́ ọ. Bí kò bá tó o, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún omi. Ilé ìfowópamọ́ kan ṣoṣo ní Èkó lè níye lórí ju gbogbo abúlé apẹja mẹ́wàá lọ. Torí náà, kí òkun tó dé ni wọ́n ti mọ ẹni tó máa kó ẹrù.

Kẹ́ ẹ má rò pé nítorí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Ní ilẹ̀ Wales, ní Bìrìtéènì, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Fairbourne. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ètò tí wọ́n ṣe fún etíkun náà ní ọdún 2013 ni pé wọ́n á máa tún ìdènà omi abúlé náà ṣe títí di nǹkan bí ọdún 2054, lẹ́yìn náà wọ́n á jáwọ́, kí àwọn ènìyàn ti kó kúrò. Kí ló tẹ̀ lé e? Ẹni tó fẹ́ ta ilé ò rí ẹni tó máa rà á ní iye tó yẹ ẹ́, báǹkì ò sì fẹ́ yá ènìyàn lówó láti fi ra ilé níbẹ̀. Òkun ò tíì wọ ilé wọn. Ìwé lásán ló wọlé tọ̀ wọ́n wá, ó sì ti gba ilé lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn kan wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 21, tí mo rò pé a máa ń yára kà kọjá. A mọ ìparí ẹ̀ dáadáa: Jésébẹ́lì, àwọn ẹlẹ́rìí èké, òkúta, ẹ̀jẹ̀, ajá. Nítorí pé ìparí náà burú tó bẹ́ẹ̀, a kì í wo ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Áhábù ò fẹ́ ja Nábótì lólè. Ó ní òun á fún un ní ọgbà àjàrà tó dára ju tiẹ̀ lọ, tàbí kó gba owó tó bá iye ẹ̀ mu. Ṣé kò dáa? Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní ìlú yìí lónìí, mélòó nínú wọn ló ń fún onílẹ̀ ní èyí tó dára jù? Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ yẹn síwájú àwọn oníṣirò ọjọ́ òní, wọ́n á ní Áhábù jàre, Nábótì ló jẹ́ alágídí. Síbẹ̀ Nábótì kọ̀, ó ní ogún àwọn baba òun ni.

Kì í ṣe pé owó Áhábù kéré. Owó kọ́ ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tí Nábótì ní lọ́wọ́. Nínú ìjọ yìí, a ní àwọn tí wàhálà ọdún 2001 lé kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti bí gbogbo ọmọ wọn. Ẹ bi wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ti kọ́lé tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá nǹkan ti pé. Wọ́n á sọ fún yín nípa aládùúgbò tó máa ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn kí àwọn fúnra wọn tó gbọ́, àti ìyálọ́jà tó máa ń tà fún wọn láwìn láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló máa kọ ìyẹn sínú ìwé ìṣirò? Iye wo ló máa kọ?

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn báyìí pé: "Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ owó ò pọ̀. Ògiri kan la lè kọ́. Ṣé ká fi gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn là ní ìlú ńlá, àbí igba ènìyàn ní abúlé?" Mo gbà pé ìdáhùn ìyẹn ò le. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ìṣirò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ènìyàn kọ́ ló ń kà. Ohun ìní ló ń kà. Ilé alájà mẹ́wàá tó ṣófo, tí olówó ẹ̀ ń gbé ní Dubai, á borí abúlé tó kún fún ọmọdé. Ibẹ̀ ni èmi àti ìṣirò náà ti pínyà.

A sì rí àwọn tó ń ṣe é lọ́nà míì. Ilẹ̀ Nẹ́dálándì rẹlẹ̀ ju tiwa lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn ló wà nísàlẹ̀ òkun. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní sí ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1953, òkun ya wọlé, ó pa ènìyàn 1,836, àwọn ará oko ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mọ ìdènà. Ohun tó wú mi lórí jù ni òfin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2017. Òfin náà ní títí di ọdún 2050, kò gbọ́dọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé lẹ́yìn ìdènà omi wọn tí ewu kí omi pa á fi ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 100,000 lọ́dún. Ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ tó ń dá gbé pẹ̀lú màlúù ẹ̀ àti ọlọ́jà Rotterdam, ìlẹ̀kẹ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá ń ṣírò owó, tí wọ́n ń fi kún ìdènà ibi tí ọrọ̀ àti ènìyàn pọ̀ sí. Ìṣirò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ṣáájú ẹ̀. Ẹ máa sọ pé olówó ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ owó kọ́ ló kọ òfin náà.

Ọ̀rọ̀ míì wà tó mú kí gbèsè yìí le sí i, yanrìn ni. Ní etí òkun tiwa yìí, láti Gánà dé Èkó, omi máa ń ru yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Yanrìn tó bá kúrò ní iwájú abúlé kan, èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ló ń rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní ọdún 1965, yanrìn tí odò náà ń gbé wá sínú òkun dín kù. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Lómè ní àwọn ọdún 1960, òkúta tí wọ́n fi dí omi dá yanrìn dúró ní apá ibì kan, apá kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀. Bákan náà ló rí ní Kútọnu. Ní Èkó, ìdènà tí àwọn òyìnbó kọ́ sí ẹnu omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ló jẹ́ kí òkun máa jẹ etíkun Victoria Island láti ìgbà náà. Wọ́n wá mọ ògiri ńlá sí iwájú Eko Atlantic láti fi dáàbò bò ó. Àwọn ará abúlé tó wà ní ìlà oòrùn ẹ̀, bíi Òkun Alfa, ń ké pé láti ìgbà náà ni omi ti yíjú sí àwọn. Àwọn tó kọ́ ọ ò gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò kí ń ṣe onímọ̀ omi, mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òye yanrìn kò le: ohun tó bá dúró ní iwájú ilé tèmi kò ní dé iwájú ilé rẹ.

Ẹ ẹ̀ rí i pé kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ àánú mọ́? Bí mo bá fún ẹni tí iná jó ilé ẹ̀ ní aṣọ, àánú ni. Bí iná tí mo dá nínú oko mi ló lọ jó ilé ẹ̀, aṣọ tí mo fún un yẹn, kí la máa pè é? Ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, ìpín wa nínú èéfín tó ń mú ayé gbóná kò tó ìdá 5 nínú ìdá 100. Àwọn ìlú tó ti ń jó èédú láti ayé bàbá ńlá wa ló jẹ gbèsè tó pọ̀ jù. Síbẹ̀ kí àwa náà má fò fẹ̀rẹ̀ sórí àga onídàájọ́. Epo tí Nàìjíríà ń tà láti ọdún 1958, ibì kan ni wọ́n ń jó o. Owó ẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí a ń rìn àti owó oṣù tí àwọn kan nínú wa ń gbà, títí dé orí òkè Jos níbí. Ilẹ̀ Ìlàjẹ náà wà lára ibi tí epo ti ń wá.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba òṣùmàrè, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Ṣebí Ọlọ́run ṣèlérí fún Nóà pé ìkún omi ò ní pa ayé run mọ́? Ní Kìríbátì, àwọn erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì tí ilẹ̀ wọn ò ju mítà mélòó kan lọ sókè omi, Kristẹni ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń di ìlérí yìí mú. Mi ò ní fi ìgbàgbọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú tó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 9, gbogbo ẹ̀dá alààyè lórí ilẹ̀ ayé ló wà fún. Kò sọ pé omi ò ní gbé abúlé kan. Omi ti gbé abúlé tó pọ̀ láti ìgbà Nóà, òṣùmàrè ṣì ń yọ. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹni tó wà lókè máa fi òṣùmàrè ṣe ìrọ̀rí sùn nítorí ẹni tó wà nínú omi. Èyí tó burú jù ú lọ ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, pé àwọn ará ibẹ̀ á ti ṣe nǹkan. Jésù Olúwa wa ti dáhùn irú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn méjìdínlógún. Ẹ lọ ka Lúùkù orí 13.

Ó kù báyìí, kí ni ká ṣe níbi tí ògiri ò ti lè ṣiṣẹ́? Nítorí irú ibẹ̀ wà, ẹ ò sì ní gbọ́ lẹ́nu mi pé Nábótì gbọ́dọ̀ dúró kí omi gbé e. Òkun kì í ṣe Áhábù, kò ní ẹ̀rí ọkàn tí Èlíjà lè bá sọ̀rọ̀. Ìjọba Kìríbátì ra ilẹ̀ tó tó ogún kìlómítà níbùú lóròó ní Fíjì ní ọdún 2014, ọwọ́ Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì ti rà á. Owó kúrò nílẹ̀, ìwé jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti erékùṣù Solomon láyé àtijọ́, tí ìjọ fi síbẹ̀. Ẹ wo bí ìṣòro tálákà kan ṣe fẹ́ di ìṣòro tálákà mìíràn. Ìjọba tó gorí oyè ní Kìríbátì ní ọdún 2016 ò sì fi ọ̀rọ̀ kíkó lọ ṣáájú mọ́.

Ní Fíjì kan náà, abúlé Vunidogoloa kó ní ọdún 2014. Wọn ò ju bíi 150 lọ. Omi ti ń wọ ilé wọn tipẹ́, oko wọn ti ń gba iyọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tọ ìjọba lọ ní ọdún 2006 pé kí wọ́n ran àwọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n kó lọ kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ sókè, ilẹ̀ ìdílé wọn náà ni, igi tí wọ́n fi kọ́lé ti inú igbó tiwọn wá. Wọ́n kó lọ pọ̀, olórí wọn wà láàárín wọn. Mi ò sọ pé wọn ò sunkún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá bá wọn lójijì pẹ̀lú ìwé àti ṣẹ́ẹ̀kì, tó wá fọ́n wọn ká sí ìlú mẹ́wàá. Lójú tèmi, èyí ni nǹkan tó kéré jù tí a jẹ ẹni tí omi ń lé: kí a bi í léèrè kí a tó gbé e, kí a sì gbé e pẹ̀lú àwọn ènìyàn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú, tí Yorùbá sin sínú ilé, mi ò tíì rí ẹni tó ní ìdáhùn sí i. A lè kó alààyè. Bàbá tó wà nísàlẹ̀ yàrá ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti gbà pé ká ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó ìkórè ọdún yìí fún àwọn tí òkun ń lé ní Ìlàjẹ. Àwọn kan ti ń dábàá bí a ṣe máa ná an: bùrẹ́dì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí a gba ilé fún ìdílé mélòó kan ní Òkìtìpupa. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró díẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹbí tàbí ará ní Ayétòrò tàbí abúlé tó wà nítòsí ẹ̀, kó jọ̀wọ́ wá rí mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kó mú nọ́ńbà fóònù wọn dání. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn bóyá wọ́n fẹ́ kúrò tàbí wọ́n fẹ́ dúró, àti bí wọ́n bá fẹ́ kúrò, ọ̀dọ̀ ta ni.